Níbo Ni Ẹran Náà Wà Nísinsìnyí?

Bí àlejò bá béèrè pé, "Níbo ni ilé Baálẹ̀ wà?" ọmọdé pàápàá lè dá a lóhùn. Ilé kì í rìn. Ìdáhùn tó gbà lánàá yóò ṣiṣẹ́ fún un lónìí, yóò sì ṣiṣẹ́ fún un lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé, "Níbo ni ẹran tó já okùn yẹn wà?" ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹni tó rí i létí odò ní àárọ̀ lè sọ òótọ́, kí òótọ́ náà sì ti gbó kí àlejò tó dé odò.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ mọ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wádìí ibi tí ohun tí ń rìn wà, nípa lílo àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Ẹ̀rọ kan a máa wọn ooru, òmíràn a máa gbọ́ ìró, òmíràn a máa mọ̀ bí ilẹ̀ bá mì. A ó máa pè wọ́n ní ẹ̀rọ afiyèsí. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dúró sójú kan, ẹni tó gbé e síbẹ̀ mọ ibi tó wà. Èyí tí a so mọ́ ọrùn ẹran ńkọ́? Ẹran ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó gbéra.

Ẹ̀kọ́ náà gùn díẹ̀. Ẹ má kánjú. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, igi tí ẹ lè fi fa ilà, àti ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan. Àgbàdo náà kì í ṣe fún jíjẹ.

ẸRAN ABILÀ ILẸ̀ KENYA

Ní ilẹ̀ Kenya, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, òkè ńlá kan wà tí a ń pè ní Òkè Kenya. Ní ẹsẹ̀ òkè yìí, nítòsí ìlú Nanyuki, ni pápá Sweetwaters wà, níbi tí àwọn ẹran ìgbẹ́ ti ń jẹko. Lára wọn ni sẹ́bírà. Ẹni tí kò bá rí sẹ́bírà rí, kí ó ro ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó sanra, tí a fi dúdú àti funfun kùn ní ilà-ilà láti orí dé ìrù. Akọ kan a máa kó abo mélòó kan àti àwọn ọmọ wọn jọ bí agboolé kan. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀kan wà, ó sábà mọ ibi tí àwọn yòókù wà.

Ní oṣù January ọdún 2004, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà so ọ̀já mọ́ ọrùn sẹ́bírà mélòó kan ní Sweetwaters. ZebraNet ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Nínú ọ̀já kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan wà tí ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì láti ojú ọ̀run. Rédíò wà níbẹ̀ tí ń bá àwọn ọ̀já mìíràn sọ̀rọ̀. Ibi ìkówèé-pamọ́ wà níbẹ̀ bí ti inú tẹlifóònù. Bátìrì sì wà níbẹ̀ tí oòrùn ń fún lágbára.

Iṣẹ́ náà kò gbára lé òpó tẹlifóònù kankan. Bí sẹ́bírà méjì bá súnmọ́ ara wọn, ọ̀já wọn a ròyìn fún ara wọn: "Ibi tí mo dé rèé, ibi tí ìwọ náà dé ńkọ́?" Ọ̀kọ̀ọ̀kan a wá gbé ìròyìn èkejì lọ pẹ̀lú tirẹ̀. Bí ọkọ̀ àwọn onímọ̀ bá kọjá lẹ́bàá sẹ́bírà kan ṣoṣo, ó lè gba ìròyìn ọ̀pọ̀ tí wọn kò fojú rí lọ́jọ́ náà. Bí àwọn ará oko ti ń ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà. A rò pé ìdí tí iṣẹ́ yìí fi tètè yé ènìyàn nìyẹn.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìròyìn náà ṣe? Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ẹran ń lọ lóru, nígbà tí ojú ènìyàn kò ríran. Wọ́n fẹ́ mọ ọ̀nà tó ń gbà dé ibi omi. Bí ènìyàn bá fẹ́ la títì, tàbí kó fẹ́ ṣe ọgbà yí oko rẹ̀ ká, ó yẹ kó mọ̀ bóyá ọgbà náà yóò dí ọ̀nà omi mọ́ ẹran. Ọ̀rọ̀ tàkúté wáyà náà tún wà. Àwọn ọdẹ tí kò gbàṣẹ a máa dẹ ẹ́ sínú koríko. Ẹran tó bá kó sí i yóò máa fà á, wáyà yóò sì máa gé e. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìgbẹ́ bá tètè dé, wọ́n lè gbà á là. Bí ilẹ̀ bá ṣú kí wọ́n tó rí i, kìnnìún tàbí ìkookò ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ tàkúté yẹn sọ́kàn. A ó padà dé orí rẹ̀.

ÀRÁ, MÀNÀMÁNÁ ÀTI AGBO MẸ́TA

Gbogbo wa la ti rí i pé mànàmáná a máa kọ kí àrá tó sán. Ohun kan náà ló bí àwọn méjèèjì, ní ìgbà kan náà. Ìmọ́lẹ̀ a dé lójú ẹsẹ̀. Ìró ni kò yára tó bẹ́ẹ̀: nǹkan bí 340 mítà ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí àrá bá sán nígbà tí ẹ ka 3, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ tó kìlómítà kan sí yín. Bí ẹ bá ka 6, ó tó kìlómítà 2. (Inú ilé ni kí ẹ ti kà á o, kì í ṣe abẹ́ igi.)

Ẹ ti mọ bó ṣe jìnnà tó. Ẹ ò tíì mọ ibi tó wà. Ó lè jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó lè jẹ́ lọ́wọ́ òsì, ó lè jẹ́ ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ gún èèkàn kan mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ wà, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ fi ẹnu okùn náà fa ilà roboto yí i ká. A ó máa pe ilà yìí ní agbo. Àrá náà sán níbì kan lórí agbo yìí. Ká ní ọ̀rẹ́ yín kan wà ní abúlé kejì tí òun náà ka tirẹ̀. Ẹ fa agbo tirẹ̀. Agbo méjì yóò gba ara wọn kọjá ní ojú méjì. Ọ̀kan nínú ojú méjì yìí ni àrá ti sán, ṣùgbọ́n èwo? Ẹ bi ẹni kẹta tó wà ní abúlé mìíràn, ẹ fa agbo tirẹ̀ náà. Ojú kan ṣoṣo ni agbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ti pàdé.

Bí sátẹ́láìtì ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Amẹ́ríkà gbé àkọ́kọ́ nínú àwọn sátẹ́láìtì GPS lọ sókè ní ọdún 1978. Ní ọdún 1995 iye wọn pé, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé káàkiri ayé. Wọ́n ga ju ilẹ̀ lọ ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tó wà àti agogo tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó wà lọ́rùn sẹ́bírà a wo agogo tí ọ̀rọ̀ náà dé, a sì ṣe ìṣirò bó ṣe jìnnà tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìró ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá o, ìgbì rédíò ni, 300,000 kìlómítà ló sì ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí aago sì fi ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ ṣìnà, ìṣirò ti fi 300 mítà ṣìnà. Aago tó péye tó bẹ́ẹ̀ wọ́n gan-an, kò ṣeé gbé kọ́ ẹran lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi ń tẹ́tí sí sátẹ́láìtì kẹrin, kó lè fi tọ́ aago ara rẹ̀ sọ́nà.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí kò nílò sátẹ́láìtì. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Cricket, fún lílo nínú ilé. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ rédíò àti ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Rédíò a kọ́kọ́ dé, ìró a tẹ̀ lé e. Ẹ ò rí i pé mànàmáná àti àrá náà ni?

Ọ̀nà kẹta ni pé kí ẹ̀rọ kàn gbọ́ bí ohùn rédíò ẹnì kejì ti le tó. Bí ó bá le, ó súnmọ́. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ó jìnnà. Owó kékeré ló ń ná ni, ṣùgbọ́n òun ló ń tanni jẹ jù. Ohùn lè lọ sílẹ̀ nítorí ọ̀nà tó jìn. Ó sì lè lọ sílẹ̀ nítorí pé òkè wà láàrin, tàbí pé ẹran náà kọ ẹ̀yìn sí wa tí ara rẹ̀ dí ohùn náà. Àwa kò ní fi ọ̀nà yìí nìkan wá ẹran wa.

ÌRÒYÌN TÓ TI GBÓ

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bí sátẹ́láìtì bá wà, ọ̀rọ̀ ti tán. Kí ẹ̀rọ máa bi wọ́n léèrè ní gbogbo ìgbà." Ọ̀rọ̀ náà ì bá tán lóòótọ́ bí bátìrì kò bá ń tán. Gbígbọ́ ohùn sátẹ́láìtì a máa jẹ agbára púpọ̀. A kò sì lè gbé bátìrì ńlá kọ́ sẹ́bírà lọ́rùn kí a tún retí kó sáré fún kìnnìún. Nítorí náà, ní Sweetwaters, ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ ni ẹ̀rọ ń wo ibi tó wà, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní àárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ yìí, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Sẹ́bírà tó ń rìn jẹ́jẹ́ ní kìlómítà 6 ní wákàtí kan yóò rin 100 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìṣẹ́jú 8, ó ti rin 800 mítà. Ṣùgbọ́n bí ìjàyà bá dé, sẹ́bírà lè sáré tó kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Kìlómítà kan nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Kò lè sáré bẹ́ẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí ìṣirò òun má gbé ẹran kankan sílẹ̀ yóò fa agbo tó fẹ̀ tó kìlómítà 8 láti èèkàn dé eteetí.

Ẹ wo bí agbo ti ń fẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà kan, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan, kí á pè é ní ẹyọ kan. Agbo tí okùn rẹ̀ gùn ní kìlómítà 1 gba ẹyọ 3 àti díẹ̀. Èyí tí okùn rẹ̀ gùn ní kìlómítà 2 kò gba ẹyọ 6 o. Ó gba ẹyọ 12 àti ààbọ̀. Okùn di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí a ó wá di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tí okùn rẹ̀ gùn ní kìlómítà 8 gba ẹyọ 201. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tó ń fẹsẹ̀ rìn kò lè wá a tán lálẹ́ ọjọ́ kan, wọn kò lè wá a tán lọ́sẹ̀ kan.

Tẹlifóònù alágbèéká tó wà lápò yín náà ń rìn. Bí wọ́n bá sọ pé òpó tẹlifóònù ti jẹ́ kí àwọn mọ ibi tí ẹnì kan wà, agbo ni wọ́n mọ̀. Ó lè jẹ́ agbo kékeré láàrin ìlú tí òpó ti pọ̀, tàbí agbo ńlá ní ọ̀nà oko tí òpó ti jìnnà síra. Ẹ bi wọ́n pé, "Agbo náà ti fẹ̀ tó? Aago mélòó ni ẹ fà á?"

ÀGBÀDO LÓRÍ ILẸ̀

Nísinsìnyí, ẹ mú àgbàdo yín. Àpẹẹrẹ tí a fẹ́ ṣe yìí kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀. A kàn ṣètò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ni. Ká ní ojú ọ̀run ti ṣú fún ọjọ́ mélòó kan, oòrùn kò ràn dáadáa, bátìrì sẹ́bírà kan sì ti rẹ̀. Kò lágbára láti gbọ́ sátẹ́láìtì mọ́. Rédíò kékeré rẹ̀ nìkan ló ṣì ń sọ pé, "Mo wà o." Ohùn náà kò kọjá kìlómítà kan.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ibùdó mẹ́ta tí rédíò wà: Omi, Igi àti Òkúta. Lórí ilẹ̀ yín, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan dúró fún kìlómítà kan. Ẹ gún èèkàn Omi sọ́wọ́ òsì. Ẹ wọn ẹsẹ̀ 3 sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ gún Igi síbẹ̀. Ẹ dúró ní agbedeméjì àwọn méjèèjì, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ méjì àti ààbọ̀ lọ sí òkè, ẹ gún Òkúta síbẹ̀. Ẹ fi okùn ẹlẹ́sẹ̀ kan fa agbo yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká.

Ní agogo 5:00 ìrọ̀lẹ́, Omi gbọ́ ohùn ẹran náà. Inú agbo Omi ló wà nígbà náà, a kò mọ ọ̀gangan. Ẹ fọ́n àgbàdo 20 káàkiri inú agbo náà. Hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ kan pé, "Bóyá ibí ló wà."

Ní agogo 5:10, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá. Ẹran tó ń rìn jẹ́jẹ́ lè ti rin tó kìlómítà kan, ẹsẹ̀ kan lórí ilẹ̀ wa. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó kọjú sí. Nítorí náà, ẹ ṣí gbogbo hóró nípò. Ẹ yí igi kékeré kan nílẹ̀. Ibi tó bá tọ́ka sí ni hóró náà yóò lọ. Láti mọ bí yóò ti jìnnà tó, ẹ kọ 1 dé 5 sára ìwé pélébé márùn-ún, ẹ ká wọn, kí ẹ mú ọ̀kan láìwò ó. 5 jẹ́ ẹsẹ̀ kan gbáko, 1 jẹ́ ìdá márùn-ún ẹsẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn. Bí ó bá sú yín, ẹ pe àwọn ọmọ. Iṣẹ́ yìí a máa dùn mọ́ wọn. Ẹ ṣọ́ adìyẹ o.

Báyìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ tẹ́tí sílẹ̀. Omi kò gbọ́ ọ mọ́. Igi kò gbọ́. Òkúta kò gbọ́. Ẹ má rò pé a kò rí nǹkan kan mú. Àìgbọ́ náà ìròyìn ni: kò sí nínú agbo kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo hóró tó bá wà nínú agbo, ẹ yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, sẹ́bírà mìíràn tó wà nínú agbo Igi ròyìn pé, "Èmi gbọ́ ohùn rẹ̀." Ohùn kò kọjá kìlómítà kan. Igi gbọ́ sẹ́bírà kejì, sẹ́bírà kejì gbọ́ tiwa. Nígbà náà, tiwa kò lè jìnnà sí Igi ju kìlómítà 2 lọ. Ẹ fi okùn ẹlẹ́sẹ̀ méjì fa agbo ńlá yí Igi ká. Hóró tó bá wà lẹ́yìn agbo ńlá yìí, ẹ yọ òun náà.

Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù. Ẹ kó àwọn tí ẹ yọ padà sínú agbo Omi, kí ẹ tún yí igi fún wọn, títí ẹ ó fi ní hóró 10 tó dúró. Kọ̀ǹpútà a máa ṣe é fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ẹ wo ibi tí àwọn mẹ́wàá yìí wà. Wọ́n wà ní àlàfo tóóró tó wà láàrin Omi àti Igi, àwọn kan sí òkè, àwọn kan sí ìsàlẹ̀.

Ní agogo 5:20, ẹ tún ṣí wọn nípò bíi ti ìṣáájú. Lọ́tẹ̀ yìí, Òkúta gbọ́ ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo hóró tí kò sí nínú agbo Òkúta, ẹ dá wọn padà sí àlàfo tóóró, ẹ tún gbìyànjú títí 10 yóò fi dúró.

Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ìròyìn Òkúta nìkan la ní, gbogbo agbo náà ni à bá máa wá, ẹyọ 3 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo kò kún gbogbo agbo. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, ibi tó kọjú sí Omi àti Igi, ni wọ́n kó jọ sí. Kò sí ọ̀kan tó dé orí agbo náà lókè, nítorí pé ẹran tó wà láàrin Omi àti Igi ní agogo 5:10 kò lè rìn dé ibẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìrìn yìí kan náà tó ń sọ ìròyìn wa di ogbó ló tún jẹ́ kí ibùdó mẹ́ta jẹ́rìí sí ẹran kan. Ká ní ó dúró sójú kan láti agogo 5:00, Omi nìkan ni ì bá máa sọ ohun kan náà léraléra, agbo wa kò sì ní dín kù.

Àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà, Lingxuan Hu àti David Evans, ló fi ọ̀nà yìí wá ẹ̀rọ afiyèsí tí ń rìn, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2004. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe lára ẹran. Títí di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìrìn sí ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Àwọn méjì yìí fi hàn pé ó lè ṣèrànwọ́. Orúkọ tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ ni Monte Carlo. Ibì kan ni Monte Carlo jẹ́ ní orílẹ̀-èdè kékeré Monaco, níbi tí àwọn olówó ti ń ta tẹ́tẹ́. Àwọn onímọ̀ ló fún un lórúkọ yìí ní àárín ọdún 1940 sí 1949, nítorí pé bí orí bá ṣe é ni igi ń yí. Tẹ́tẹ́ kò sì sí níbẹ̀ rárá: igi yíyí ló ń dá àbá, ẹ̀rí ló ń yọ èyí tí kò tọ́.

ÌGBÀ TÍ GBOGBO HÓRÓ BÁ TÁN

Nígbà mìíràn ẹ ó yọ hóró títí, kò ní ku ẹyọ kan. Ẹ má bínú sí àgbàdo. Ó ń sọ fún yín pé nǹkan kan tí ẹ gbà bí òótọ́ kì í ṣe òótọ́. Bóyá ẹran náà kò rìn jẹ́jẹ́, bóyá ó sáré. Bóyá afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ gbalasa gbé ohùn rédíò kọjá kìlómítà kan. Agbo rédíò kì í rí roboto bí èyí tí a fi okùn fà. Òkè a máa gé e, igbó a máa jẹ ẹ́. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ fi kún bí ẹran ṣe lè rìn tó, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi agídí di ìṣirò àkọ́kọ́ mú yóò rán ẹ̀ṣọ́ lọ sí ibi tí kò sí ẹran.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ tàkúté. Láti agogo 5:20 dé 5:40, Òkúta gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, líle rẹ̀ kò sì yí padà. A ti sọ pé líle ohùn kò ṣeé fi mọ ibi tí ẹran wà. Ṣùgbọ́n ohùn ẹran tó ń jẹko a máa lọ sókè, a máa lọ sílẹ̀, bó ti ń yí ara. Èyí dúró gbagidi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Nanyuki wà lórí ilà tó pín ayé sí méjì gẹ́gẹ́, nítorí náà oòrùn a máa wọ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí agogo 6:30 jálẹ̀ ọdún, òkùnkùn a sì tètè bolẹ̀. Ìṣẹ́jú 50 ló kù. Bí wọ́n bá wá gbogbo agbo Òkúta, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ wọn. Bí wọ́n bá gba ti àgbàdo gbọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ náà ni wọ́n máa wá, wọ́n sì lè débẹ̀ nígbà tí ojú ṣì ríran.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí rò. Rédíò tó ń ké pé "Mo wà o" kò mọ ẹni tó ń gbọ́ òun. Ọdẹ tó dẹ tàkúté náà lè ra rédíò. Nítorí náà, kò yẹ kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ibi tí ẹran wà máa lọ ní gbangba. Ó yẹ kí a pa á ní àrokò tí àwọn ẹ̀ṣọ́ nìkan lè tú.

IṢẸ́ FÚN Ẹ̀YIN ÒǸKÀWÉ

Ẹ padà sí ilẹ̀ yín, kí ẹ tún hóró 10 tó wà nínú agbo Òkúta ní agogo 5:20 tò. Lọ́tẹ̀ yìí, ká ní ìtàn yí padà. Ní agogo 5:30, Òkúta kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Omi kò gbọ́, Igi kò gbọ́, kò sì sí sẹ́bírà mìíràn tó mú ìròyìn wá. Ẹ ṣí gbogbo hóró nípò, ẹ yọ èyí tó yẹ kí ẹ yọ, kí ẹ wo ibi tí àwọn tó kù wà. Kí ẹ tó dáhùn, ẹ rántí pé bátìrì tó kú náà a máa dákẹ́. Ibo ni ẹ óò kọ́kọ́ rán àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ?